Labalábá Ọwọ́ Bàbá Tẹ́ní

Iṣẹ́ Bàbá Tẹ́ní kì í gbó. Kì í ṣe pé ó mọ iṣẹ́ ju gbogbo ayé lọ. Ẹni tó ń lò ó ni kì í yí ara padà. Inú pósí ló ń fi aṣọ tẹ́. Àwọn káfíńtà á kan pákó tán, wọn á dán an, wọn á gbé e wá síwájú tábìlì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òun á tẹ́ fóòmù sí i nísàlẹ̀, á ká sátínì funfun mọ́ ọn létí, á sì rán ìrọ̀rí pẹlẹbẹ kan síbi tí orí máa wà. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Tẹ́ní nìyẹn. Ó ti ń tẹ́ ẹní fáwọn èèyàn látìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó padà wá sọ pé ẹ̀gbẹ́ ń dun òun.

Àwọn káfíńtà ló ni àwàdà yẹn. Oníbàárà tí kò bá sunkún púpọ̀ ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún.

Ṣọ́ọ̀bù náà gùn, ó mọ́lẹ̀ níwájú, ó ṣókùnkùn lẹ́yìn. Iyẹ̀ pákó bo gbogbo nǹkan níbẹ̀ àfi tábìlì Bàbá Tẹ́ní. Àràárọ̀ ló ń fi àkísà tútù nu tábìlì náà, á sì fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó mú abẹ́rẹ́. Ìlànà kan wà tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi lé e lọ́wọ́: a kì í ta kókó sí òwú. Abẹ́rẹ́ á wọlé, á jáde, á tún wọlé. Tó bá dé òpin, á ti ìdí òwú bọ abẹ́ aṣọ, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá yẹn ní ẹni tí wọ́n bá ta kókó sí ibùsùn rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ á dí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ wò ó. Ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá dúró díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà máa rí ni pé iṣẹ́ tí kò ní kókó máa ń yá, aṣọ á sì tẹ́jú bí omi inú àwo. Ó máa ń wuni débi pé oníbàárà á na ọwọ́ sí i. Bàbá Tẹ́ní á wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ojú ni kẹ́ ẹ fi wò ó."

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Obìnrin ni, ó ń ta oògùn ní ilé ìtajà oògùn kan lójú títì tó lọ sí ibùdókọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, ojú ọ̀nà ló sì máa ń wà ju ilé lọ. Àwọn náà bí ọmọ kan ṣoṣo, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún méjì, tí kò ríran láti ọjọ́ tó ti dé ilé ayé. Dókítà ti sọ ọ́ láìfi bò: ojú náà ò ní là. Ìdílé ti sunkún ìyẹn tán. Ohun tó kù tó ń kọ wọ́n lóminú ni ọwọ́ ọmọ náà.

Kì í la ọwọ́. Àtàárọ̀ dalẹ́ ló ń di ìkúùkù mọ́ àyà, á jókòó jẹ́ẹ́, á máa gbọ́ ohun gbogbo bí ìyálé tó ń retí káwọn ọmọdé parí ọ̀rọ̀ rádaràda. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Màmá Kékeré. Bí o bá fi nǹkan kàn án lọ́wọ́, á fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ìgbín tó fara kan iyọ̀. Ọmọ tí kò ríran, tí kò sì fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan, ibo ni ayé fẹ́ gbà wọlé sí i?

Aládùúgbò tó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án wá fẹ́ kó kúrò ládùúgbò. Bàbá Tẹ́ní gbọ́, ó lọ bá ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá sì gbà pé kó máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀ nìkan. Ó wá lọ bá ọmọ rẹ̀.

"Mo ti di aláìníṣẹ́ lọ́sàn-án," ó ní. "Máa gbé ọmọ wá fún mi."

"A ó rí i, Bàbá."

Ẹni tó bá mọ ọmọ rẹ̀ yìí mọ̀ pé "a ó rí i" rẹ̀, "rárá" tó wọ bàtà ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin wà ní ìlú mìíràn, ó ní yàrá, ó láyè, ó sì ti ní òun á mú ọmọ náà sọ́dọ̀. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni ibẹ̀. Eékún Bàbá Tẹ́ní kò gbé ìrìn ọjọ́ kan mọ́. Tí Màmá Kékeré bá lọ, ohùn rẹ̀ lórí fóònù nìkan ni yóò kù fún un, ọmọ náà kò sì tíì máa sọ̀rọ̀.

Obìnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran, tó máa ń wá sílé wọn. Àǹtí Olùkọ́ ni gbogbo ilé ń pè é. Kì í jókòó sórí àga. Ilẹ̀ ló máa ń bá ọmọ jókòó sí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Bàbá Tẹ́ní wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó mú ọ̀rọ̀ kòkòrò wá.

"Ẹ bá mi rán kòkòrò kan fún un," ó sọ fún ìyá ọmọ. "Ẹ má ra tọjà o. Tọjà máa ń dán bákan náà látorí dé ìdí, ọ̀rá lásán. Ẹ fi àkísà rán an. Kí ìyẹ́ kan rí múlọ́múlọ́, kí òmíràn rí ṣákiṣàki, kí òmíràn máa dún tó bá tẹ̀ ẹ́."

"Ọmọ èèyàn á wá máa fi kòkòrò ṣeré?" Bàbá Tẹ́ní bi í.

"Bàbá, ẹ wo kòkòrò dáadáa. Ó lórí, ó níyẹ̀ẹ́, ó lẹ́sẹ̀ rẹpẹtẹ. Ọwọ́ lè rìn káàkiri ara rẹ̀ bí ẹni ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló sì kéré, kò ní bà á lẹ́rù."

"Ẹsẹ̀ mélòó ni kí n fi sí i?"

"Mẹ́fà ni, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá fi mẹ́jọ sí i, aláǹtakùn lẹ ṣe yẹn, màá sì fẹjọ́ yín sùn."

Ìyá ọmọ ti gbọ́ "kí n fi sí i" yẹn. Ó gbé ife tó ń fọ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fẹ́ rán an?"

"Ṣé kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni mo fi tọ́ ẹ ni? Ìwọ tó jẹ́ pé bọ́tìnnì já lára aṣọ rẹ, pín-ìnnì lo fi dè é."

"Aṣọ wo lẹ fẹ́ fi rán an?"

Bàbá Tẹ́ní ń fọwọ́ pa etí aṣọ rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ aṣọ ibẹ̀," ọmọ rẹ̀ ní. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo bẹ̀ yín, Bàbá. Mi ò fẹ́ rí fọ́nrán òwú kan láti ibẹ̀ nínú ilé mi, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé lọ́wọ́ ọmọ mi."

"O ò ní rí i."

Àǹtí Olùkọ́ wo bàbá, ó wo ọmọ. "Ibo ni ibẹ̀?" ó bèèrè. Ìyá ọmọ tún gbé ife tó ń fọ̀, Àǹtí Olùkọ́ sì yíjú padà sí Màmá Kékeré, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé òun ò bèèrè nǹkan kan.

Bàbá Tẹ́ní pa àdéhùn rẹ̀ mọ́ débi tí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní abẹ́rẹ́ tó kún inú agolo, síbẹ̀ ó lọ ra abẹ́rẹ́ tuntun. Ó ra òwú tuntun, aláwọ̀ búlúù, kò sì tú u nínú ṣọ́ọ̀bù. Tówẹ̀lì ilé rẹ̀ ló gé fún ìyẹ́ àkọ́kọ́. Ìyẹ́ kejì, apá ẹ̀wù òjò tó ti ya ni, èyí tó máa ń dún ṣàràṣàrà bí ewé gbígbẹ. Ó gé àpò ìdọ̀họ fún ẹ̀kẹta, ó gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò onílà rẹ̀ fún ẹ̀kẹrin, ìyẹn ṣòkòtò tí ìyàwó rẹ̀, kó tó kú, ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ nù. Okùn bàtà ló fi ṣe ẹsẹ̀ mẹ́fà àti ìwo méjì tó wà lórí. Ó fi ṣaworo kékeré kan sínú ikùn kòkòrò náà láàárín àkísà tó gé wẹ́wẹ́, kó lè máa dún.

Ṣùgbọ́n kó tó gé nǹkan kan, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lásìkò ìsinmi pé kòkòrò wo ló dáa.

"Eṣinṣin," ni káfíńtà kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ wí. Bó ṣe ń lu ìṣó ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Adití ò ní sùn sí ilé kejì.

"Eṣinṣin, nínú ṣọ́ọ̀bù yìí?" ọ̀gá ní. "Kí oníbàárà wọlé, kó ní òkú wa ti ń rùn kó tó dé?"

"Ó dáa, ẹ ṣe ikán. Ikán ni ọ̀gá gbogbo wa. Òun ló ń jẹ iṣẹ́ wa kẹ́yìn."

"Pákó tìẹ ló ń jẹ," Bàbá Tẹ́ní dáhùn. "Labalábá ni mo fẹ́ ṣe. Ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ ọmọ á ríbi dì mú."

"Labalábá tó fara wé ẹyẹ—"

"Kò fara wé ẹnì kankan. Jẹ oúnjẹ rẹ."

Ilé ló ti rán an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀, lẹ́yìn tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ó rán an bó ṣe mọ̀ ọ́n rán. Nígbà tó parí, kò sí ojú abẹ́rẹ́ kan tó yọ síta, ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n hù níbẹ̀ ni. Ó gbé e sórí ìrọ̀rí, ó jìnnà sí i díẹ̀, ó wò ó. Inú rẹ̀ dùn. Kò sí ìdí tí inú rẹ̀ kò fi ní dùn. Iṣẹ́ tó mọ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú ló gbé e lọ. Ọmọ rẹ̀ gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú àti lẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀. Aṣọ ibẹ̀ ló ń wá. Nígbà tí kò rí i, ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ó rẹwà, Bàbá," ó ní. "Ṣòkòtò yẹn rèé! Ìyá mi ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Wọ́n gbé Màmá Kékeré jókòó sórí ẹní láàárín ilé. Bàbá Tẹ́ní kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, eékún rẹ̀ dún kọ́. Kò fi labalábá náà kàn án lọ́wọ́. Àǹtí Olùkọ́ ti ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé e lé ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì dúró.

Ó pẹ́. Omi hó nínú ilé ìdáná, ìyá ọmọ lọ pa iná, ó padà wá. Màmá Kékeré yí orí díẹ̀. Ó mi ẹsẹ̀, ẹ̀wù òjò náà dún ṣàrà. Ó sé èémí. Ó tún ẹsẹ̀ mì, ó tún dún. Ìkúùkù kan wá sọ̀ kalẹ̀ láti àyà rẹ̀, ó bà lé ìyẹ́ tówẹ̀lì, ó fò sókè, ó tún bà lé e. Ìka kan là. Òmíràn tẹ̀ lé e.

"Ẹ má sọ̀rọ̀," ni ìyá rẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. "Ẹ má sọ nǹkan kan."

Ọmọ náà la ọwọ́ méjèèjì. Ó fi ọ̀kan mú ìyẹ́ ṣòkòtò onílà, ó fi ọ̀kan mú ti ẹ̀wù òjò. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan láti imú. Ó sì fà á, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe máa ń fa ohun tó bá dùn mọ́ ọn.

Ìyẹ́ méjèèjì bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tiẹ̀ dún. Ikùn là, àkísà tú jáde, ṣaworo yí bọ́ sórí itan ọmọ. Kí Bàbá Tẹ́ní tó na ọwọ́, ọwọ́ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan ti mú un, ó ti jù ú sẹ́nu.

Ojú ọmọ náà yí padà. Kò sunkún, kò rí èémí tó máa fi sunkún. Ìyá rẹ̀ fà á gbé, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn, ó tún gbá a, ó tún gbá a. Ṣaworo já bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àga, ó ń dún lọ. Ẹ̀yìn náà ni ẹkún dé. Kò sí orin tó dùn tó ẹkún yẹn.

Bàbá Tẹ́ní ṣì wà lórí eékún. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú wọn.

Nígbà tí ọmọ náà sùn tán lórí èjìká ìyá rẹ̀, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan mú ìyẹ́ onílà nílẹ̀. Òwú búlúù gùn kalẹ̀ lára rẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Kò já," ó ní. "Òwú yìí ò já, Bàbá. Ṣe ló yọ̀ jáde. Ẹ ò ta kókó sí i."

"A kì í ta á."

"Ta ni kì í ta á?"

Bàbá Tẹ́ní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àkísà ilẹ̀ jọ.

"Lọ́jọ́ tí Ìyá mi kú, mo wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ń rán ìrọ̀rí wọn lọ́wọ́. Ó wọ́ lápá kan, mo ní kí n bá wọn tún un ṣe. Ẹ gbá mi lọ́wọ́. Ẹ ní, 'Má fọwọ́ kàn án, á tú.'"

"Mo gbá ẹ lọ́wọ́?" Kò rántí. Ìrọ̀rí náà ló rántí, àti bí sátínì ọjọ́ náà ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti rò pé aṣọ ibẹ̀ ni mi ò fẹ́. Mo tiẹ̀ gbóòórùn nǹkan yìí kí n tó gbé e fún un, àfi bí ajá. Ẹ ò mú aṣọ wá lóòótọ́. Ọwọ́ ibẹ̀ lẹ gbé wá."

"Kò sẹ́ni tó fa iṣẹ́ mi rí," Bàbá Tẹ́ní ní. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, kò sì fi ṣe àwáwí. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tóun fúnra rẹ̀ máa gbọ́ ọ. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ, kò sẹ́ni tó fà á."

"Òun wà láàyè, Bàbá."

Lẹ́yìn èyí, ó fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀ wá mú ọmọ. Ó bá a wá bàtà rẹ̀. Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kó rọra máa lọ. Ìbá sàn kó pariwo mọ́ ọn.

Aránbàtà kan wà lójú ọ̀nà tí Bàbá Tẹ́ní ń gbà lọ síbi iṣẹ́, ọkùnrin kúkurú tí gọ́ọ̀mù ti sọ ìka rẹ̀ di dúdú. Wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́; kí-n-kí-ọ ojú ọ̀nà lásán ni. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Tẹ́ní fi àga ìjókòó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì gbé labalábá tó ya náà lọ bá a. Aránbàtà wò ó. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìyẹ́ tówẹ̀lì mọ́lẹ̀, ó fa ti àpò ìdọ̀họ. Ó tú bí èèpo ẹ̀pà.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni."

"Ta lẹ máa ń ránṣọ fún?"

"Òkú."

Aránbàtà bú sẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, ó pa ẹ̀rín náà dé. "Ẹ má bínú, Bàbá. Oníbàárà gidi ni wọ́n. Ẹsẹ̀ ni tèmi, ẹsẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wọ bàtà, àtitú u ló ń wá. Bí ẹ bá ń rán nǹkan fún alààyè, ẹ ṣe bí ẹni pé ọ̀tá yín ni."

Ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án. Òwú á di ìlọ́po méjì, wọn á fi ìda pa á. Abẹ́rẹ́ á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn díẹ̀, á tún lọ síwájú. Ọwọ́ Bàbá Tẹ́ní gba ìyẹn kíákíá. Ọwọ́ tó ti mọ abẹ́rẹ́ kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n sí i. Nígbà tó dé òpin, ó ká òwú láti ta kókó, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lójú afẹ́fẹ́.

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní ó máa ń dí ọ̀nà."

"Ọ̀nà ta?"

Bàbá Tẹ́ní rò ó. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti kékeré, kò bi ara rẹ̀ rí. "Ọ̀nà ẹni tó ń lọ," ó ní.

"Ọmọ tẹ́ ẹ ń rán an fún, ṣé ó ń lọ síbì kan ni?"

"Rárá o! Mi ò fẹ́ kó lọ."

"Ẹ ta á, nígbà náà. Kí ọ̀nà yẹn dí pa."

Ó ta á. Ó ta òmíràn lé e lórí. Kókó náà ga lábẹ́ ìka rẹ̀, ó rí kóńkó, kò rẹwà. Aránbàtà fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó fà á tòun tagbára, Bàbá Tẹ́ní sì pa ojú dé. Nígbà tó la ojú, ìyẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ibẹ̀ ló ń lọ lọ́sàn-án. Ó mú ṣaworo kúrò, ó fi èyí tó kù lára ẹ̀wù òjò ká sínú ikùn, kó máa dún níbẹ̀ láìsí ohun tó lè bọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, láàárọ̀, kò ta kókó sí ti àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́. Àwọn yẹn ń lọ lóòótọ́.

Ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí ẹ̀gbọ́n ọkọ máa dé ló tó padà sílé ọmọ rẹ̀. Àpò ọmọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ká aṣọ kéékèèké sínú rẹ̀. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó na labalábá sí ọmọ rẹ̀.

"Fà á."

"Bàbá, ẹ jókòó ná."

"Fà á."

Ó fi ìka méjì fà á, bí ẹni ń fa irun lára ẹ̀wù àlejò.

"Kò rí bẹ́ẹ̀. Fà á bí ẹni tínú ń bí sí mi."

Ọmọ rẹ̀ wò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ìyẹ́, ó fà á. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó tún fà á. Ó yí i padà, ó mú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fà wọ́n, èémí rẹ̀ ń ga, ojú rẹ̀ ti ń kún fún omi, kò sì dúró. Ó fi eyín fa ìwo orí rẹ̀. Ìwo kan já.

Bàbá Tẹ́ní wo okùn kékeré náà lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Ó gbà á. Ó jókòó sórí ẹní, ó yọ abẹ́rẹ́ lára kọ́là rẹ̀, ó fi ìda pa òwú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an níṣojú ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ nu ojú, ó jókòó tì í. Nígbà tí òwú dé òpin, ó tẹ orí sún mọ́ ọn, ó ń wo ìka bàbá rẹ̀ bó ṣe ń ká òwú náà, tó ń kì í bọ inú ihò, tó ń fà á le. Ó ta á, ó tún un ta.

"Tún un fà."

Ó fà á. Kò já.

"Ọ̀sẹ̀ kan," ọmọ rẹ̀ ní. "Màá pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yẹn, màá ní kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. Ká wò ó ná. Mi ò ní mo gbà o, Bàbá."

"O ò gbà. Mo gbọ́."

"Ẹ ò sì ní gbé ojú kúrò lára rẹ̀."

"Ojú kẹ̀? Mi ò ní ṣẹ́jú."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ìyá ọmọ gbé Màmá Kékeré wá sí yàrá Bàbá Tẹ́ní, ó sì ní òun ń lọ síbi iṣẹ́. Kò lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpò rẹ̀ lọ́rùn, ó ń wò wọ́n. Ọmọ náà di ìkúùkù fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí kò tíì kúrò lára rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó má tètè kúrò. Bàbá Tẹ́ní gbé labalábá lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró. Ó dúró títí ọmọ náà fi mi ẹsẹ̀, títí ìka fi là, títí ọwọ́ fi rí ìyẹ́ onílà náà tó sì dì í mú. Ọmọ náà fi ọwọ́ kejì wá òmíràn, ó rí i, ó ki orí labalábá bọ ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ọwọ́ bàbá àgbà náà ti nà jáde kó tó mọ̀, láti gbà á.

"Bàbá," ọmọ rẹ̀ ní láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ kó fà á."

Ó ká ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan. Ó jẹ́ kó fà á.